Pátá Tí Ọkọ Bleuenn Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Rán

Ọdún mẹ́jọ ni Bleuenn fi bá mi ṣiṣẹ́ nínú gbọ̀ngàn tí mo ti ń rán aṣọ ìgbòkun, n kò sì mọ ohun tó ń gbé mì ní aago méje ìrọ̀lẹ́. Mo rí i o. Bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì Porz-Lenn, ìlú èbúté wa, bá ti ń lù, ọwọ́ òsì rẹ̀ á wọ inú àpò aṣọ iṣẹ́, á mú nǹkan funfun bíńtín kan jáde, á sọ ọ́ sẹ́nu, á gbé e mì láìmu omi. Ọwọ́ ọ̀tún kò ní fi àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Bó bá sì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà kò ní já lẹ́nu rẹ̀. Mo rò pé orí ló ń fọ́ ọ. Mo tiẹ̀ gbà á nímọ̀ràn lọ́jọ́ kan pé kó lọ yẹ ojú wò, nítorí aṣọ funfun tí a ń tẹjú mọ́ látàárọ̀ lè ba ojú jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ṣé, Tonton."

Tonton Laouig ni gbogbo èbúté ń pè mí, bí ẹni ń pe arákùnrin bàbá rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi rán ìgbòkun, kí eékún tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ẹni tó bá ń rán ìgbòkun gbọ́dọ̀ mọ iye nǹkan: iye ọ̀pá aṣọ, iye ojú abẹ́rẹ́, iye ìjì tí aṣọ náà yóò fara dà kó tó ya. Mo fi ìmọ̀ iye yangàn láyé mi. Ṣùgbọ́n Bleuenn fi iye kan hàn mí tí n kò kà rí, ẹnu tó sì yà mí lọ́jọ́ náà kò tíì padé dòní. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí nìyẹn.

Ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di sàdíìnì sínú agolo, ó sì bí ọmọ méje. Bí àwọn ọmọ náà bá ń pariwo nídìí oúnjẹ, obìnrin náà á ní, "Méjì nínú yín ni mo pè. Àwọn yòókù, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi wá." Kò sọ àwọn méjì tó pè fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú. Nígbà tí Bleuenn pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ìyá náà ló fà á lọ́wọ́ lọ bá dókítà, ó ní kí wọ́n fún un ní oògùn tí òun kò rí lò nígbà tòun.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ló jẹ́ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi. Kò lo ẹfun. Gbogbo agéṣọ tí mo ti mọ̀ ló máa ń fi ẹfun fa ìlà kí wọ́n tó gé e, ṣùgbọ́n Bleuenn á wo aṣọ, á mí sínú, á sì gé e lọ gbọọrọ bí ìgbà tí ọkọ̀ ń la omi. Tí mo bá fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà, kì í fi ìbú èékánná kan yẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, eékún mi ní ó tó, mo ti gbọ̀ngàn náà pa, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àti tábìlì mi ṣì wà nínú rẹ̀, òun sì lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán ẹ̀wù onílà àwọn atukọ̀. Ṣùgbọ́n a kò jìnnà síra. Ògiri kan náà ni ilé òun àti tèmi jọ ní.

Ó fẹ́ Goulven, ọmọ Kerjégu. Ọkọ̀ edé ni Goulven ń bá jáde, aago mẹ́rin òwúrọ̀ ni wọ́n máa ń ṣí, wọ́n á sì padà kí òòrùn tó wọ̀. Ọkùnrin dáadáa ni, ó tóbi bí ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ le bí àjẹ̀, kì í bá ìyàwó jà. Wọ́n bí Maël, wọ́n bí Enora. Àwọn méjèèjì ni Bleuenn pè. Nígbà tó fẹ́ bí wọn, ó dá oògùn dúró. Nígbà tó já wọn lẹ́nu ọmú, ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà. Bí ìgbésí ayé rẹ̀ ṣe ń lọ nìyẹn, agogo ń lù, ó ń gbé e mì, kò sí ẹni tó ń bi í léèrè.

Ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n rẹ̀ ni ẹsẹ̀ òsì wú. Ó rò pé ìdúró ló fà á. Ní ọjọ́ kẹta, níwájú tábìlì ìgéṣọ nílé iṣẹ́, èémí há sí i láyà, ó sì ṣubú lé aṣọ onílà. Ẹ̀jẹ̀ ló dì lẹ́sẹ̀, tó gòkè lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò ní ilé ìwòsàn ní Quimper. Nígbà tó padà dé, wọ́n ti fún un ní oògùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, wọ́n sì ti gba èyí tó ń lò ní aago méje lọ́wọ́ rẹ̀ títí láé, nítorí òun ló lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. Dókítà ní oyún tí a kò múra sílẹ̀ fún lè mú ẹ̀mí rẹ̀ lọ. Tó bá tún máa lóyún láyé rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú, kí wọ́n pààrọ̀ oògùn, kí wọ́n ṣọ́ ọ lójú méjèèjì. Wọ́n fi ohun kékeré oníbàbà kan tó ń dènà oyún sínú ilé ọmọ fún un. Pẹ̀lú oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, ẹ̀jẹ̀ ya bí omi. Wọ́n yọ ọ́.

Mo máa ń rí i láti ojú fèrèsé mi nígbà náà, nínú ọgbà, níbi tó ti ń ká aṣọ. Agogo á lù. Ọwọ́ òsì rẹ̀ á lọ sínú àpò, á débẹ̀, kò ní rí nǹkan kan, á sì dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Agbẹ̀bí kan ní Quimper, Ìyáàfin Servane, ló kọ́kọ́ yí ọ̀rọ̀ náà síbòmíràn. Goulven ló wa ọkọ̀ gbé ìyàwó rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ó jókòó létí ògiri, ó gbé fìlà lé orúnkún. Agbẹ̀bí gbọ́ gbogbo àlàyé Bleuenn tán, ó wá yíjú sí ọkọ.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, ọ̀gá, kí lẹ̀ ń lò?"

Goulven bojú wẹ̀yìn. "Èmi kẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni. Àwa mẹ́ta péré la wà níbí, mi ò sì bá àga sọ̀rọ̀."

"Èmi… èmi ni mo wakọ̀ gbé e wá."

Bleuenn ní òun fẹ́ bú sẹ́rìn-ín, òun sì fẹ́ sunkún, òun kò wá mọ èyí tí òun ì bá kọ́kọ́ ṣe.

Agbẹ̀bí ka ohun tó wà nílẹ̀ fún wọn. Kọ́ńdọ̀mù wà. Iṣẹ́ abẹ wà, fún obìnrin tàbí fún ọkùnrin. Bleuenn mi orí. "Mi ò sọ pé mi ò ní bí mọ́ o. Mo ní kì í ṣe báyìí, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ èèṣì. Tó bá máa wá, èmi ni kí n pè é." Nígbà náà ni obìnrin náà sọ̀rọ̀ nípa ooru. Kórópọ̀n ọkùnrin kì í fẹ́ ooru, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so ó kọ́ síta. Tí ọkùnrin bá wọ pátá kan tó ń rọra gbé e sókè sún mọ́ ara, wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́, lójoojúmọ́, ìwọ̀n ooru méjì péré tó fi gbóná sí i yóò mú kí irúgbìn inú àtọ̀ máa dín kù. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ilé àyẹ̀wò á kà á. Tí iye rẹ̀ bá ti lọ sísàlẹ̀ mílíọ̀nù kan nínú ìkán tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, tó sì dúró síbẹ̀, a lè gbára lé e. Tó bá bọ́ ọ sílẹ̀, yóò padà láàárín oṣù díẹ̀. Ó ní kì í ṣe gbogbo dókítà ló fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin kan ní ìhà Toulouse ti ń lò ó láti bí ogójì ọdún, wọ́n sì máa ń rán an fúnra wọn.

Nígbà tí Goulven sọ ọ́ fún mi, mo ní kó tún un sọ. Ooru! Kì í ṣe oògùn, kì í ṣe ọ̀bẹ. Mo ti fi gbogbo ayé mi bá afẹ́fẹ́ lò, mo mọ̀ pé ohun tí a kò rí lè ti ọkọ̀ ńlá. Síbẹ̀ n kò mọ̀ pé ìwọ̀n ooru méjì, tí kò tó yọ́ bọ́tà, lè dá irú odò bẹ́ẹ̀ dúró.

Goulven gbà. Bleuenn mú àjákù aṣọ onílà láti ilé iṣẹ́, ó wo ọkọ rẹ̀, ó mí sínú, ó gé e. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pátá dé: ihò kan níwájú tí nǹkan ọkùnrin àti awọ kórópọ̀n ń gbà jáde, kí kórópọ̀n fúnra rẹ̀ lè gòkè, rọ́bà rírọ̀ yí i ká, aṣọ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó rán mẹ́rin. Goulven wọ̀ ọ́ lọ sórí omi.

Èbúté kì í pa àṣírí mọ́. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, Riwal tó ni ọkọ̀ edé náà ti mú un ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé ọtí létí omi.

"Goulven, wọ́n ní ìyàwó rẹ ti gbé ẹrù rẹ lọ sókè àjà."

"Ó kéré tán, omi ò ní kàn án."

"Onílà funfun àti búlúù ni àbí? Kí la máa fi mọ̀ ẹ́ tó o bá jábọ́ sómi, ṣé ká ní kí ọlọ́pàá wo ìdí?"

Gbogbo ilé ọtí ń gbọn fún ẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, n kò ní purọ́. Goulven rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó sì san owó ọtí sídà tó mu, ó lọ sílé.

Oṣù mẹ́ta pé. Èsì dé láti ilé àyẹ̀wò: mílíọ̀nù mẹ́tàlélógún. Pátá mẹ́rin, aádọ́rùn-ún ọjọ́, kò sí ohun tó yí padà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìdáná wọn lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ fún mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu, èyí tó ṣọ̀wọ́n láàárín tọkọtaya. Bleuenn béèrè pé ìgbà wo ló ń wọ̀ ọ́.

"Mo ń wọ̀ ọ́."

"Lójoojúmọ́?"

"Ọjọ́ tó o bá rán mi létí." Ó wo ilẹ̀. "Tí mo bá dé orí omi, ó máa ń yún mi. Àwọn Riwal sì ń wò mí. Mo máa ń bọ́ ọ sílẹ̀, tí mo bá ń bọ̀ màá wọ̀ ọ́ padà."

Bleuenn kò pariwo. Ògiri ilé ìdáná wọn ni ìwé òkun wà, irú èyí tó wà nínú gbogbo ilé ní Porz-Lenn, tí wọ́n kọ àkókò tí omi yóò kún àti èyí tí yóò fà sẹ́yìn, àti nọ́ḿbà agbára rẹ̀, fún gbogbo ọjọ́ inú ọdún. Ó fi ẹ̀yìn bo ìwé náà kí ọkọ rẹ̀ má bàa rí i.

"Goulven, kí ni òní jẹ́?"

"Ọjọ́bọ̀. Òkun kún ní aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú. Agbára rẹ̀ mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún."

"Ọ̀la ńkọ́?"

"Aago márùn-ún. Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún."

"Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀?"

Ó sọ ọ́, kò wo ibì kankan. Kò tiẹ̀ ronú.

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ báwo?"

"Ọjọ́ wo ló yẹ kí nǹkan oṣù mi wá?"

Goulven na ọrùn láti wo ìwé òkun lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó ti fi ọjọ́ mẹ́sàn-án pẹ́," ni Bleuenn wí. "O rántí ọjọ́ Àìkú tá a ní a ò nílò kọ́ńdọ̀mù, pé o ti ń wọ pátá fún oṣù méjì, díẹ̀ sàn ju àìsí lọ? Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo ti ń kà á lémi nìkan, nínú ilé tá a ti mọ ìgbà tí òkun máa kún títí di Kérésìmesì."

Goulven sọ fún mi pé òun ti rí ìgbì tó ga ju ilé ìmọ́lẹ̀ etíkun lọ, òun sì ti rí ẹni tí okùn fà sómi níwájú òun, ṣùgbọ́n ara òun kò tutù tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ kẹwàá, nǹkan oṣù náà dé. Bleuenn lọ síbi iṣẹ́, ó gé ọgọ́rin apá ẹ̀wù, ó wá sọ́dọ̀ mi ní ọ̀sán, pátá tí kò tíì parí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sórí tábìlì, ó gbé àlùmọ́gàjí lé e.

"Tonton, ẹ̀rọ ìránṣọ yín ṣì ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ jù mí lọ."

"Ẹ kọ́ Goulven ní ìránṣọ."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi húkọ́. "Goulven wo? Èyí tó ń fi ọwọ́ ṣẹ́ ṣíbí? Bleuenn, jẹ́ ká ṣírò. Pátá kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni fún ìwọ. Òun á lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á ṣẹ́ abẹ́rẹ́ mẹ́wàá, á ba aṣọ rere jẹ́. Irú èrè wo nìyẹn?"

Ó jókòó lórí ìdì aṣọ, bó ṣe máa ń jókòó láyé ọjọ́un. "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Èmi ni mo rán an. Èmi ni mò ń fọ̀ ọ́. Èmi ni mò ń bi í láràárọ̀ pé ṣé ó ti wọ̀ ọ́. Èmi ni mo gba ọjọ́ nílé àyẹ̀wò. Oògùn kúrò lára mi, èrò ò kúrò lórí mi. Tí mo bá rán ìkarùn-ún, mi ò ní yé rán an láéláé. Ẹ ka ìyẹn fún mi, Tonton, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iye."

Níbẹ̀ ni nǹkan kan ṣí lórí mi bí fèrèsé. Mo bi í pé, "Nǹkan funfun tó o máa ń gbé mì nígbà tí agogo bá lù…"

"Ẹ ò mọ̀?"

"Mo rò pé orí ń fọ́ ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó di ẹ̀rọ mú kó má bàa ṣubú. "Ọdún mẹ́jọ, Tonton! Orí wo ló ń fọ́ ní aago méje gééré fún ọdún mẹ́jọ?"

Mo mú pẹ́ńsù, mo ṣe é lórí igi tábìlì níbi tí mo ti máa ń ṣírò aṣọ. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún dé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ọdún mẹ́tàdínlógún. Yọ mẹ́rin fún àwọn ọmọ, ó ku mẹ́tàlá. Páálí mẹ́tàlá lọ́dún, ẹyọ mọ́kànlélógún nínú páálí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mọ́kàndínláàádọ́ta. Mo tún un ṣe, ó bọ́ síbẹ̀.

"Mélòó lo gbàgbé nínú rẹ̀?"

"Mẹ́rin," ló wí. "Mo lè sọ ibi tí mo wà nígbà ìkọ̀ọ̀kan."

Mo fi pẹ́ńsù sílẹ̀. Èmi tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá, ojú abẹ́rẹ́ tí mo máa ń tú nínú ìgbòkun kan ṣoṣo ju mẹ́rin lọ fíìfíì. Obìnrin yìí ṣe iṣẹ́ kan fún ọdún mẹ́tàlá, ó kù díẹ̀ kó pa á, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ló ṣìṣe, ẹnì kankan kò sì mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Mo wá rántí Soaz, ìyàwó mi, tó kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ogójì ọdún la jọ gbé. Ọmọ mẹ́ta la bí. N kò mọ bí a kò ṣe bí mẹ́rin. N kò béèrè rí. Bí mo bá fẹ́ béèrè nísinsìnyí, ta ni mo fẹ́ bi?

Mo ní, "Sọ fún Goulven kó wá lọ́jọ́ Ajé."

Ó wá. Ó jókòó sí ìdí ẹ̀rọ mi bí ẹni tó jókòó sẹ́yìn ẹṣin. Abẹ́rẹ́ kìíní ṣẹ́ kí ó tó rán ìbú ọwọ́ kan. Mo ti ní mẹ́wàá lọ́kàn, méje ló ṣẹ́, n kò fi bẹ́ẹ̀ ṣìṣe.

"Rọra, ọmọ mi. Kì í ṣe okùn ìdákọ̀ró lò ń fà."

"Tonton, rọ́bà yìí ò dúró."

"Má fà á. Tó o bá fún un jù, á dí ẹ̀jẹ̀. Tó o bá dẹ̀ ẹ́ jù, ẹrù á sọ̀ kalẹ̀. Lọ wọn ara rẹ."

Ó mú okùn ìwọ̀n lọ sẹ́yìn ìgbòkun àtijọ́ kan tí mo gbé kọ́. Mo gbọ́ tó ń kùn, tó ń ka nọ́ḿbà, tó ń bú ẹnì kan tí n kò mọ̀. Pátá kìíní, ó rán ihò náà sẹ́yìn. Mo gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Èyí á wúlò fún Riwal," ló wí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gééré, ó rán èyí tó wọ̀ ọ́. Ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ wọ́ bí ipa ẹsẹ̀ alákàn, ṣùgbọ́n ó dúró, kò sì yún un, nítorí ó ti mọ ibi tó máa ń yún un, ó ti fi aṣọ rírọ̀ bò ó. Bleuenn, pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀, kò lè mọ ibẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ wò ó, ó fi àtàǹpàkò tẹ ìránpọ̀ rẹ̀, ó ní, "Ó burẹ́wà," ó sì dá a padà fún un. Kò tún un ṣe. Mo mọ ohun tó ná obìnrin náà láti má ṣe tún ìránpọ̀ burúkú ṣe, nítorí mo ti rí i tó tú iṣẹ́ ọjọ́ méjì nítorí ojú abẹ́rẹ́ kan.

Mo rí ìwé òkun wọn ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí mo lọ jẹ kíréèpù, àkàrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ilẹ̀ wa, lọ́dọ̀ wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkókò tí omi ń kún, pẹ́ńsù ti kọ nǹkan wínníwínní: ọjọ́ tí nǹkan oṣù Bleuenn wá, ọjọ́ tó yẹ kó tún wá, àti lábẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọwọ́ Goulven ni. Aago mẹ́rin òwúrọ̀ ló ń wọ̀ ọ́ kó tó bọ́ sọ́kọ̀, aago méje ìrọ̀lẹ́ ló ń bọ́ ọ, yálà ó lọ sómi tàbí kò lọ. Kọ́ńdọ̀mù padà sí ipò rẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí, kò tún sí ọ̀rọ̀ díẹ̀ sàn ju àìsí lọ.

Riwal kò dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ tí ènìyàn ń ṣe lójoojúmọ́ máa ń di nǹkan mìíràn. Bí wọ́n bá ti kúrò ní èbúté, á ké láti ibi ìdarí ọkọ̀ pé, "Goulven, ṣé ẹrù ti wà lókè àjà?" Goulven á ké padà pé, "Ó ti wà níbẹ̀ láti aago mẹ́rin! Tìẹ tó wà nísàlẹ̀, ṣé o mọ ohun tó ń ṣe?" Ọmọ márùn-ún ni Riwal ní. Àbíkẹ́yìn kò tíì pé ọdún kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan, ó kanlẹ̀kùn mi. Ó ní òun wá wo ìgbòkun.

"Ọkọ̀ rẹ ń lo ẹ́ńjìnnì, Riwal."

"Mo mọ̀."

"Ìgbòkun wo lo fẹ́ wò?"

Ó yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́. "Tonton, ẹ má pariwo. Ṣé ẹni tí ìka rẹ̀ ò pé lè rán an?" Okùn ti gé ìka kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún pípẹ́. Mo ní mẹ́sàn-án tó, mo fa àga fún un. Ó dé ìdí ẹ̀rọ ó ní, "Ìyàwó mi kọ́ ló rán mi o. Èmi ni mo kan ń rò ó." Lẹ́yìn náà ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ sì ṣẹ́.

Oṣù mẹ́ta ọ̀tun pé. Mo ti kà á: wákàtí ẹgbẹ̀rún kan àti ọ̀ọ́dúnrún ó lé àádọ́ta. Goulven fúnra rẹ̀ ló pe ilé àyẹ̀wò, ó dá nìkan lọ, ó dá nìkan gba èsì. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó. Èsì kan ṣoṣo kò tíì tó láti gbára lé, agbẹ̀bí ní kó padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, n kò lè sọ ẹni tó gùn fún jù lọ láàárín àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ Ẹtì ló gba èsì kejì. Èmi àti Bleuenn wà nínú gbọ̀ngàn, ó ń bá mi gé aṣọ tí mo fẹ́ fi bo ọkọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó ń sọ ìtàn ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wọn tó gé ẹ̀wù igba láìfi ààyè ọrùn sílẹ̀. Goulven wọlé. Òórùn edé ṣáájú rẹ̀. Ó fa ìwé yọ láti àyà, kò fún mi, ó fún ìyàwó rẹ̀.

Bleuenn kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó ń fi ìka tọ ìlà náà bíi pé òun ni yóò gé e. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún. Agbẹ̀bí ti fọwọ́ sí i nísàlẹ̀.

"Ṣé o ti jẹun?" ló bi ọkọ rẹ̀.

"Rárá."

"Jókòó." Ó gbé ìwé náà lé orí tábìlì, sórí ibi tí ìṣirò mi wà, ó sì mú àlùmọ́gàjí. "Tonton, ibo ni mo dé? Ẹ̀wù igba, kò sí ọrùn. Ọ̀gá náà gbé ọ̀kan wọ̀, orí rẹ̀ ò jáde—"

Agogo lù.

Mo wo ọwọ́ òsì rẹ̀. N kò lè ṣe kí n má wò ó. Ó wà lórí aṣọ, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dì í mú fún èyí tó ń gé. Agogo lù lẹ́ẹ̀kejì, ó lù lẹ́ẹ̀kẹta, ọwọ́ náà kò kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò já lẹ́nu rẹ̀.

Goulven ló dìde. "Aago méje," ló wí. Ó tú bẹ́líìtì bó ṣe ń lọ, ó wọ ẹ̀yìn ìgbòkun àtijọ́ tí mo gbé kọ́, a gbọ́ tó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹrù sọ̀.

"—orí rẹ̀ ò jáde," ni Bleuenn ń wí lọ, "ló bá ń pariwo nínú ẹ̀wù pé ta ló pa iná." Ó gbójú sókè. "Tonton, kí lẹ̀ ń wò lọ́wọ́ mi? Ṣé mo gé e wọ́ ni?"

Mo ní rárá. Mo ní ó gún régé.